Ó di egbò èèyàn 64 lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ló rí lójú àlá lóru

Ìyá tó bá ti ní ọkọ lójú ogun rí kò ní í bi mí pé kí ni lẹ́tà já mọ́. Ó jókòó sídìí ọjà rẹ̀, ó ń wọn ẹ̀wà fún oníbàárà, ẹnì kan ló bá sáré dé: “Ìyá Ràmátù, lẹ́tà yín dé o!” Kóńgò á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ wò ni bóyá òǹtẹ̀ ìjọba ló wà lára rẹ̀, torí lẹ́tà ìjọba kì í sábà mú ire dé lásìkò ogun. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ìkọ̀wé tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló rí, á mí kanlẹ̀, á wá pe ọmọ iléèwé kan kó wá bá òun kà á. Bó ṣe rí nìyẹn fáwọn ìyá tí ọkọ wọn lọ sí Burma láyé ogun Hitler, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí fáwọn tí ọkọ wọn wà lójú ogun abẹ́lé tiwa láàárín ọdún 1967 sí 1970.

Lẹ́tà tí mo fẹ́ ká jọ tú palẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, òyìnbó ló kọ ọ́, ó sì ti lé ní ọgọ́jọ ọdún tó ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ ọjà sì tún ni.

William Child lorúkọ ọkùnrin náà. Dókítà ni. Carrie lorúkọ ìyàwó rẹ̀. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Bath, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire lápá àríwá Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Clint àti Kate. Ibẹ̀ náà ni dókítà ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kí ogun tó pè é.

Ogun wo ni? Ogun tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ara wọn jà láti ọdún 1861 sí 1865 ni. Àwọn ìpínlẹ̀ apá gúúsù, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹrú dáko òwú, ló fẹ́ ya kúrò lára àwọn tó kù, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé Ààrẹ Abraham Lincoln á gba ẹrú lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan. Apá àríwá ní kò sóhun tó jọ ọ́. Bí wọ́n ṣe dojú ìjà kọra nìyẹn, èèyàn tó lé ní 600,000 ló sì bá a lọ.

Lóṣù kẹjọ ọdún 1862 ni Child wọṣẹ́ ológun lọ́dọ̀ àwọn àríwá. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n fi í ṣe igbákejì dókítà fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ karùn-ún ti New Hampshire. Ẹ má fi ojú kékeré wo ẹgbẹ́ yẹn o. Nígbà tí ogun parí tí wọ́n ń ka òkú, kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kankan lápá àríwá tí ogun pa èèyàn nínú rẹ̀ tó tiwọn. Èèyàn 295 ló kú lójú ìjà tàbí tí ọgbẹ́ ìjà pa. Àárín irú wọn ni dókítà wa bọ́ sí.

Kò tíì pé oṣù méjì tó débẹ̀ tí ojú rẹ̀ fi rí tó. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1862, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Antietam, nítòsí ìlú Sharpsburg ní ìpínlẹ̀ Maryland. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, nǹkan bí 23,000 èèyàn ló ti kú, tó fara gbọgbẹ́, tàbí tí wọn ò rí mọ́, ká pa tọ̀tún tòsì pọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo o! Títí di òní, kò tíì sí ọjọ́ ogun mìíràn tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ kejìlélógún, Child rí àyè jókòó. Ó mú gègé, ó kọ̀wé sí Carrie.

OGUN TÁN, ÌYÀ ṢẸ̀ṢẸ̀ BẸ̀RẸ̀

Ó sọ fún un pé níjẹta, òun di egbò èèyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta (64), àwọn kan nínú wọn sì ní ojú egbò méjì mẹ́ta lára. Lánàá, ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ló bẹ̀rẹ̀, kò sì dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Lónìí, ara rẹ̀ ti kú tán, àmọ́ bó bá sinmi díẹ̀, á tún padà síbẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n ń jà gan-an kò burú rárá tó àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó ní òkú ń ríni lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkú kò mọ ìrora mọ́. Àwọn tó wà láàyè, tí apá ti já, tí ẹsẹ̀ ti fọ́, tí wọ́n ṣì ń mọ̀ ọ́n lára, àwọn yẹn ni kò jẹ́ kí òun gbádùn. Ó bẹ Ọlọ́run pé kó dá iṣẹ́ èṣù yìí dúró, ó wá ní àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ló fà á.

Àwọn ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé “àlàáfíà ni mo wà, kí àwọn ọmọ?” nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ sílé. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹ̀rù ba ìyàwó àwọn. Èmi ò bá wọn wí, ṣùgbọ́n ti Child ló wù mí jù. Ta ni kó sọ fún? Ṣé aláìsàn tó ń ké níwájú rẹ̀ ló máa sọ fún pé ó ti rẹ òun? Dókítà kì í sunkún níwájú ẹni tó ń tọ́jú. Ọ̀dọ̀ Carrie ló ti lè sọ ẹrù náà kalẹ̀.

Kí ẹ lè mọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ọta ìbọn ayé ìgbà yẹn, òjé ni wọ́n fi ṣe é, ó tóbi, ó sì rọ̀. Bó bá ti ba eegun, kì í gbà á kọjá, ńṣe ló máa fọ́ ọ túútúú. Eegun tó ti rí bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tò mọ́, gígé ló kù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tètè gé e. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ojú lásán ni wọ́n fi ń gé sójà, tí wọ́n á ní kó máa fi eyín há ọta mọ́ra. Irọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Oògùn oorun wà, klorofọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é, wọ́n á da díẹ̀ sára aṣọ, wọ́n á gbé e sí i nímú, á sùn lọ. Ayùn tí wọ́n wá fi ń gé eegun náà, ẹ̀yin káfíńtà, bí ẹ bá rí i ẹ ó dá a mọ̀.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé dókítà ìgbà yẹn kò mọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí. Wọn kì í se ọ̀bẹ. Wọ́n á gé ẹsẹ̀ ẹni kìíní tán, wọ́n á fi épírọ́ọ̀nù nu ọ̀bẹ, ó di ti ẹnì kejì. Kànìnkànìn kan náà ni wọ́n ń tì bọnú omi kan náà, tí wọ́n fi ń nu egbò èèyàn ogún. Ọdún 1867, nígbà tí ogun ti parí, ni dókítà kan ní Britain tó ń jẹ́ Joseph Lister ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ó yẹ kí wọ́n máa fi oògùn pa ohun tó ń mú egbò rà. Nínú ogun Amẹ́ríkà yẹn, bí ọta bá pa ẹnì kan, àìsàn á pa méjì: ìgbẹ́ gbuuru, taifọ́ọ̀dù, ibà. Ẹ wo dókítà tó ń ṣe gbogbo ohun tó mọ̀, tí àwọn èèyàn sì ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́, tí kò mọ̀dí rẹ̀.

ÀLÁ TÓ LÁ

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú lẹ́tà náà nìyí. Ní òru ọjọ́ tó di egbò èèyàn 64 yẹn, ó lọ wo àwọn tó fara gbọgbẹ́ níbòmíràn, ilẹ̀ sì ti ṣú kó tó dé. Ó so ẹṣin rẹ̀ mọ́ igi eléso kan, ó bu wíìtì àti koríko gbígbẹ nínú àká tó wà nítòsí, ó fún un jẹ. Ó wá sùn.

Ẹ ò rò pé òkú ni yóò máa rí lójú oorun? Rárá o. Bath ló lọ. Ó rí ara rẹ̀ tó ń kọjá níwájú ilé aládùúgbò wọn kan, ó wo ojú fèrèsé, Carrie ló rí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún rí i níbì kan tí kò dá mọ̀. Carrie fẹnu kò ó lẹ́nu, ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ò fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ rí i.

Hàà! Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ò rí i pé obìnrin yìí ti kọ́kọ́ ṣe ọkùnrin yìí ní ṣákálá! Láàárín ẹ̀jẹ̀ àti igbe, ohun tí ọkàn rẹ̀ ń rò ni pé ẹni tí kò kọ́kọ́ gba tòun ti wá gba tòun. Ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i, ó fi dá a lára yá. Ẹni tó bá ti lé ìyàwó rẹ̀ kó tó rí i fẹ́ á mọ bó ṣe dùn tó.

Kò pẹ́ kò jìnnà ló bá yí ọ̀rọ̀ padà sórí owó. Ó ní kí Carrie sọ gbogbo bí iṣẹ́ òun ṣe ń lọ sí nílé. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá dókítà kan báyìí máa lè fẹsẹ̀ rinlẹ̀ ní Bath. Ó ní bí òun bá yè, Bath náà lòun máa padà sí, ibẹ̀ lòun máa lò dọ́jọ́ alẹ́ òun.

Ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù fún oṣù kan péré, kí ẹ tó dé, ẹni tó wà ní òdìkejì títì á ti gba oníbàárà yín. Ọkùnrin yìí wà níbi tí ikú ti ń pa èèyàn bí ẹní pa eṣinṣin, síbẹ̀ ó ń ro ti oníbàárà tí ẹlòmíràn lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má pè é ní ojúkòkòrò. Ẹni tó bá ń bèèrè bí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe wà, kò tíì gbà pé òun máa kú nìyẹn. Carrie tó wà nílé sì ni ojú rẹ̀, òun ni etí rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú Clint àti Kate, òun náà ló tún gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹni tó ń wọ ilé dókítà kejì.

Ó fi nǹkan kékeré kan sínú lẹ́tà náà: ọ̀já aláwọ̀ wúrà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ sára aṣọ àwọn ọ̀gá sójà gúúsù. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e lára kóòtù ọ̀tá lórí pápá ogun. Àwọn òyìnbó fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti fi ṣe ìrántí. Bó bá jẹ́ ìyá tó bí mi lọ́mọ ni, ìta ni yóò ti sọ ọ́ nù, kò ní í jẹ́ kí ohun tí wọ́n gé lára aṣọ ẹni ogun gbé ṣubú wọ ilé tí ọmọdé wà!

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò kórìíra ọ̀tá. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ti bá méjì dọ́rẹ̀ẹ́ nínú àwọn ọ̀gá sójà gúúsù tí wọ́n mú. Ọta ba àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀. Dókítà bíi tirẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ẹgbẹ́ Freemason sì ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí ìjà gbóná girigiri, ọ̀kan nínú wọn fi àmì ẹgbẹ́ han àwọn ọ̀gá sójà New Hampshire, wọ́n sì gbé e jáde láàárín ọta. Ẹni tó bá mọ bí àwọn Ògbóni ṣe ń ṣe síra wọn nílẹ̀ wa kò ní í sọ pé irọ́ ni.

ÀWỌN TÍ KÒ LÈ KỌ LẸ́TÀ

Ọjọ́ tí Child kọ lẹ́tà yẹn gan-an, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1862, ni Ààrẹ Lincoln gbé ìkéde jáde ní Washington pé bó bá di ọjọ́ kìíní ọdún 1863, gbogbo ẹrú tó wà lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tó ń ṣọ̀tẹ̀ ti di òmìnira. Ìjà Antietam yẹn ló ń dúró dè, torí kò fẹ́ kó dà bíi pé ìṣẹ́gun kò sí lọ́wọ́ òun. Lẹ́tà dókítà kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Egbò ló wà níwájú tirẹ̀.

Àwa ní í ṣe pẹ̀lú ìkéde yẹn o. Lọ́dún 1860, ó ku ọdún kan péré kí ogun náà bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Clotilda kó nǹkan bí 110 èèyàn láti Ouidah lọ sí Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti ọdún 1808. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sọ èdè Yorùbá. Ẹnì kan nínú wọn ń jẹ́ Kossola. Àwọn òyìnbó pè é ní Cudjo Lewis, ó sì pẹ́ láyé títí di ọdún 1935. Nígbà tí Child ń bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó tètè kọ̀wé, Kossola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Alabama níbi tí òfin ti kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́ ẹrú ní ìwé. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ, ta ni yóò bá wọn mú un dé ilé? Nígbà tí Kossola di arúgbó, obìnrin òǹkọ̀wé kan, Zora Neale Hurston, wá gbọ́ ìtàn rẹ̀. Baba náà ní kó sọ ọ́ káyé gbọ́, bóyá lọ́jọ́ kan ẹnì kan ní Áfíríkà á gbọ́ orúkọ òun, á sì ní òun mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo gbé ìwé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́tà sójà ní ọ̀nà tirẹ̀. Láti Antietam dé Bath jìn ju Èkó sí Kàdúná lọ. Sẹ́ǹtì mẹ́ta lowó sítáǹbù. Sójà tí kò bá ní sítáǹbù lè kọ ọ́ sára lẹ́tà rẹ̀ pé ti sójà ni, wọ́n á gbé e lọ, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ló máa sanwó bó bá dé. Ẹ ro ti obìnrin tí kò ní sẹ́ǹtì mẹ́ta nílé lọ́jọ́ yẹn! Àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ tàbí tí kò mọ̀wé, àwọn èèyàn ló ń bá wọn kọ ọ́ nílé ìwòsàn, bí àwọn akọ̀wé tó máa ń jókòó níwájú pósítọ́fíìsì wa láyé ọjọ́sí. Akéwì ńlá wọn tó ń jẹ́ Walt Whitman ṣe iṣẹ́ yẹn ní Washington. Ní ti owó oṣù, inú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù ni ọ̀pọ̀ ń fi sí, àwọn olè sì ń jẹ ẹ́. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1864 ni pósítọ́fíìsì Amẹ́ríkà dá mọ́nì-ọ́dà sílẹ̀, kí owó sójà lè máa dé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba mọ́nì-ọ́dà rí, ibi tí tàwọn ará Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Child kò kú sógun. Ó padà sí New Hampshire, ó ń bá iṣẹ́ dókítà rẹ̀ lọ, lọ́dún 1893 ó kọ ìwé ńlá kan lórí ìtàn ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀. Àwọn lẹ́tà tó kọ sí Carrie náà kò sọnù, wọ́n ti tẹ̀ wọ́n ní ìwé. Àmọ́ kó tó délé, ojú rẹ̀ tún rí nǹkan kan.

ALẸ́ ỌJỌ́ TÓ LỌ WO TÍÁTÀ

Oṣù kẹrin ọdún 1865 ni. Ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọ̀gágun àgbà gúúsù, Robert E. Lee, ti túúbá lọ́jọ́ kẹsàn-án. Kossola sọ pé ọjọ́ kejìlá ni àwọn sójà àríwá dé ọ̀dọ̀ àwọn ní Alabama, tí wọ́n sọ fún àwọn pé ẹ kì í ṣe ẹrú mọ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, Child wà ní Washington, ó ní kí òun náà lọ fara nísinmi, ó gba tíátà kan tí wọ́n ń pè ní Ford's lọ.

Kò pẹ́ tí Ààrẹ Lincoln náà wọlé, tí gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Child jókòó síbi tó ti ń wo ọ̀ọ́kán Ààrẹ. Eré ń lọ, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Lójijì, ìbọn dún. Ọkùnrin kan fò láti ibi tí Ààrẹ jókòó sí bọ́ sórí pèpéle, ó kígbe ọ̀rọ̀ kan ní èdè Látìn, ó sáré jáde. Òṣèré ni, John Wilkes Booth lorúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé ara eré ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni igbe ta.

Ìlú dàrú. Ìròyìn dé pé wọ́n ti fi ọ̀bẹ ṣe akọ̀wé àgbà ìjọba, Seward, léṣe nílé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó kàn. Lincoln ṣì ń mí nígbà yẹn, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kó tó kú.

Dókítà tó ti rí Antietam, tó ti rí ọdún mẹ́ta òkú àti egbò, kò rí ọ̀rọ̀ tó lè fi ṣàlàyé ohun tó wáyé nínú ilé yẹn. Ó ní bóyá lójú àlá ni, bóyá lójú ayé ni, òun ò mọ ìyàtọ̀ mọ́. Ó bèèrè bóyá àlàáfíà ṣì lè padà sí ilẹ̀ àwọn. Kò sì tíì ju wákàtí kan lọ tí ìbọn náà dún nígbà tó kọ gbogbo èyí sínú ìwé, tó fi í ránṣẹ́ sí Carrie.